Ìlẹ̀kẹ̀ oògùn tó ń yọ́ nínú egungun: mo ti gba irú méjèèjì

Ẹ kú ìtọ́jú àbúrò yín o. Ẹ ní dókítà fẹ́ kó ìlẹ̀kẹ̀ oògùn tó ń yọ́ fúnra rẹ̀ sínú ojúgun rẹ̀ tó ń ṣọyún, ẹ sì ń bẹ̀rù pé kí ni yóò ṣẹ́kù sí i lára.

Ọ̀kadà ló gbé mi ṣubú, egungun ojúgun mi yọ síta. Wọ́n tò ó, wọ́n fi irin dè é, àmọ́ nígbà tó di oṣù kẹta, ọyún dé. Mo gba abẹ́rẹ́, mo lo oògùn títí ó fi sú mi. Egungun tó ti kú kò ní ẹ̀jẹ̀ nínú mọ́, bẹ́ẹ̀ ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé oògùn kiri ara. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kó oògùn síbẹ̀ gan-an: á pọ̀ lójú egbò, kò sì ní pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ débi tí gentamicin, oògùn apakòkòrò tó wà nínú ìlẹ̀kẹ̀ náà, á fi ba kíndìnrín tàbí etí jẹ́.

Ìlẹ̀kẹ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n fi sí mi lẹ́sẹ̀, ike PMMA ni, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe eyín àtọwọ́dá, wọ́n sín in sórí wáyà. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ ló ti tú èyí tó pọ̀ jù nínú oògùn tó lè tú jáde. Lẹ́yìn ìyẹn, ibi tí kòkòrò lè lẹ̀ mọ́ ló kù. Wọ́n tún ní láti la ẹsẹ̀ mi kí wọ́n tó yọ ọ́. Aṣọ òkè ìyá mi la tà sanwó ìyẹn.

Èkejì ló ń yọ́. Tèmi jẹ́ calcium sulphate, ẹbí ẹfun POP tí wọ́n fi ń di ẹsẹ̀. PLGA tí ẹ dárúkọ, ike tó ń yọ́ ni, ọmọ ìyá òwú iṣẹ́ abẹ tí a kì í tú. Omi ara ló ń fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́ títí á fi di glycolic acid àti lactic acid; lactic acid yìí ni iṣan wa náà máa ń ṣe bí a bá sáré. Ara mọ bó ṣe ń lo ìyẹn, kì í ṣe májèlé.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ bẹ̀rù ni kí wọ́n kó ìlẹ̀kẹ̀ lé egungun tó kú lórí. Ẹ bi dókítà bóyá yóò gé e kúrò títí yóò fi kan ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń sẹ̀, àti bóyá wọ́n máa yẹ kòkòrò ibẹ̀ wò láti mọ oògùn tó ń pa á. Èyí ni wọn ò ṣe fún mi nígbà àkọ́kọ́.

Lẹ́yìn náà, omi lè máa jò lójú egbò. Tèmi jò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo sunkún, mo rò pé ọyún ti padà dé. Kò rùn, ara mi ò sì gbóná. Bí tirẹ̀ bá rùn tàbí ibà dé, ẹ gbé e padà lọ́jọ́ náà.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, X-ray ò rí ìlẹ̀kẹ̀ kankan mọ́, ṣùgbọ́n oṣù mẹ́wàá gbáko ni egungun fi so pọ̀. Bí àbúrò yín bá ń mu sìgá, ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ láti òní.