Èsì: Ìlú méjì péré nínú eré kọ̀ǹpútà Civilization VI, ọ̀tá sì wà lẹ́nu ààlà

Ẹ̀gbọ́n wa ní Ẹ̀pẹ́, ẹ béèrè bóyá ìlú méjì lè yè é bí aládùúgbò bá ń kó ogun jọ. Ó lè yè é. Ẹ ṣáà fi wonder (ilé àrà ńlá) sílẹ̀ ná.

Slinger (oníkànnàkànnà) mẹ́ta ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣe, 35 Production (agbára iṣẹ́ ìlú) ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹ́ kí Slinger fúnra rẹ̀ pa Barbarian (ẹhànnà) kan kí ìwádìí Archery (ìmọ̀ ọfà títa) lè yá. Ibí lọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe: Slinger á ti ṣá a lọ́gbẹ́ tán, Warrior (jagunjagun) á wá pa á, eureka (ohun tó ń mú ìwádìí yá) ò ní wọlé. Lẹ́yìn náà, ẹ fi góòlù sọ àwọn Slinger yín di Archer (tafàtafà); ẹ má ṣe tuntun, 60 Production ni yóò jẹ.

Ẹ fi odò sáàárín ẹ̀yin àti ọ̀tá. Oníidà tó bá sọdá odò kọlù yín ń pàdánù 5 nínú agbára rẹ̀. Warrior ni kó wà níwájú. Tó bá fi turn (ìyípo eré) méjì dúró gbọn-in lójú kan, ó jèrè 6. Archer á máa ta láti ẹ̀yìn rẹ̀, àyè méjì lọfà rẹ̀ ń dé.

Ògiri ńkọ́? 80 Production ni. Láìsí i, ìlú ò lè ta padà rárá.

Ẹ tètè rán aṣojú lọ bá aládùúgbò yín, kẹ́ ẹ sì bẹ̀ ẹ́ fún ọ̀rẹ́: fún turn 30, kò lè gbógun tì yín. Kòsọ́kọ́, ọba Èkó nígbà kan, mọ ọgbọ́n yìí lọ́dọ̀ yín ní Ẹ̀pẹ́ níbẹ̀. Wọ́n lé e kúrò l'Ékòó ní 1851, ó lọ tẹ̀dó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀sà, nígbà tó di 1854, Gẹ̀ẹ́sì tó lé e náà ló bá a tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn. Àmọ́ tí aládùúgbò yín bá ti bú yín ní gbangba, kò ní gbà. Ògiri ni kẹ́ ẹ yáa mọ.