Ọ̀pá gọ́ọ̀fù kì í gbó lẹ́ẹ̀kan náà

Àbúrò wa láti Ìsánlú tó ń béèrè pé ọdún mélòó lèèyàn ń lo ọ̀pá gọ́ọ̀fù kó tó pààrọ̀ rẹ̀, òkun o. Àwọn kan ti ní ọdún mẹ́ta, àwọn míì ní márùn-ún. Èmi ò ní ka ọdún fún ọ. Kàbà ni mò ń gbé, Àbújá ni mo ti ń lọ gbá a, ẹ̀yìnkùlé ni mo ti ń kọ́ra. Ohun tójú mi rí ni pé ibi tó ń gbó lára ọ̀pá kan yàtọ̀ sí ti èkejì, ilẹ̀ àti oòrùn tiwa sì máa ń jẹ wọ́n kíákíá.

Rọ́bà tá a fi ń di ọ̀pá mú ló ń kọ́kọ́ lọ. Òógùn á wọ̀ ọ́ lára, ọyẹ́ á gbẹ ẹ́, á le, á máa dán. Tó bá ti ń yọ̀ lọ́wọ́, wàá máa fún un mọ́wọ́ jù, èjìká rẹ á le, bọ́ọ̀lù á máa lọ síbi tó o ò rán an. Àwọn tó mọṣẹ́ ní ká pààrọ̀ rẹ̀ lọ́dọọdún, tàbí lẹ́yìn bí ìgbà 40 lórí pápá. Mo fara mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń sọ pé ọ̀pá òun ti kú, rọ́bà ló kú.

Wedge, ọ̀pá tá a fi ń gbá bọ́ọ̀lù sókè nítòsí ihò, ló kàn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọkàn sí èyí. Àwọn ilà ojú rẹ̀ ló ń mú bọ́ọ̀lù yí kó lè tètè dúró. Láti 2010 ni òfin gọ́ọ̀fù ti dín bí etí ilà náà ṣe lè mú tó lára ọ̀pá tuntun, nítorí náà èyí tó kù níbẹ̀ kò ṣeé fi ṣòfò. Yanrìn ń jẹ ẹ́, àmọ́ yangí pupa tiwa burú jù ú lọ. Wedge tí mo fi ń kọ́ra lórí yangí ti dán lójú nígbà tí 7-iron (ọ̀kan lára irons, àwọn ọ̀pá olórí irin tí wọ́n fi nọ́ńbà sí) inú àpò kan náà ṣì ní ilà rẹ̀ ketekete. Fi èékánná àtàǹpàkò wọ́ ojú rẹ̀: tí kò bá kọ́ ọ lọ́wọ́, ó ti tán. Wá ògbólógbòó kan fún ẹ̀yìnkùlé, kó o gbé tuntun pa mọ́ fún pápá.

Irons rẹ tó o ní ó ti pé ọdún mẹ́jọ, máa lò ó lọ. Ọjọ́ orí nìkan kì í ba irin jẹ́. Ẹni tó fẹ́ ta tuntun fún ọ á ní 7-iron tòun ń lọ jìnnà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n béèrè igun ojú rẹ̀, torí bó bá ṣe kéré tó ni bọ́ọ̀lù ń jìnnà tó: ti àtijọ́ máa ń wà ní nǹkan bíi dígírì 34 tàbí 35, ọ̀pọ̀ ti ìsinsìnyí ò ju 30 lọ. 6-iron àná ni wọ́n kọ 7 sí lára. Driver náà, ọ̀pá olórí ńlá tá a fi ń gbá bọ́ọ̀lù jìnnà jù, orí rẹ̀ ò gbọ́dọ̀ tóbi ju 460 cc, òfin sì ti fi gbèdéke sí bí ojú rẹ̀ ṣe lè ta bọ́ọ̀lù tó. Kí ni tọdún yìí fẹ́ fi ju tèṣí lọ?

Putter, tá a fi ń rọra ti bọ́ọ̀lù sínú ihò, ńkọ́? Tiger Woods, gbajúgbajà agbá-gọ́ọ̀fù, fi èyí tó bẹ̀rẹ̀ sí lò ní 1999 gba 14 nínú ìdíje ńlá 15 tó gbà.

Oòrùn ló yẹ ká bẹ̀rù. Gọ́ọ̀mù ló so orí ọ̀pá mọ́ igi rẹ̀, ooru inú búùtù ọkọ̀ sì ń tú u, pàápàá tí tírélà bá há wa mọ́ ọ̀nà Obajana lọ́sàn-án gangan. Orí driver tòkunbọ̀ kan tí mo rà fò lọ bí mo ṣe fì í. Bọ́ọ̀lù dúró, irin ló lọ. Ọpẹ́lọpẹ́ pé kò sẹ́ni níwájú. Nítorí náà, kó o tó sanwó tòkunbọ̀, di orí mú, lọ́ igi rẹ̀ díẹ̀, kó o tẹ́tí. Tó bá dún tàbí tó mì, má rà á. Tó bá jẹ́ tìrẹ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, gọ́ọ̀mù tuntun ni kí wọ́n bá ọ fi sí i, má lọ ra òmíràn.