Tí Magic Kingdom bá ń ṣí ní aago mẹ́sàn-án, aago mélòó ni kí ẹ kó àwọn ọmọ jáde?

Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ ìrìn àjò o. Ẹ ní ọmọ ọdún márùn-ún àti ọmọ ọdún méjì lẹ fẹ́ kó lọ sí Magic Kingdom, ọgbà eré Disney ní Orlando, Màmá yín náà sì ń bọ̀ láti Ìbàdàn wá bá yín lọ. Ẹ wá ń bèèrè bóyá ó yẹ kéèyàn tìtorí ọgbà eré jí ọmọdé ní ìdájí. Ó yẹ. Kódà, bí ẹ bá mọ̀ pé ẹ ò ní lè débẹ̀ kí ọgbà tó ṣí, ẹ fi ọjọ́ yẹn sílẹ̀, kí ẹ mú òmíràn.

Ìlà làwọn èèyàn máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ara ọmọ lèmi máa ń wò. Bí oòrùn Florida ṣe ń mú, nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin ni àwọn tèmi máa ń lò kí gbogbo nǹkan tó sú wọn, kí omi pàápàá má wù wọ́n mu mọ́, kí bàtà máa ha wọ́n lẹ́sẹ̀. Wákàtí mẹ́rin yẹn lẹ ń fi owó rà. Tí ẹ bá lo méjì nínú rẹ̀ nínú mọ́tò àti lẹ́nu géètì, kí ló kù?

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń dojú rú fáwọn tó ń wa ọkọ̀ wá láti Atlanta bíi tiwa rèé: ibi tí ẹ máa gbé mọ́tò sí kì í ṣe ẹnu ọ̀nà Magic Kingdom rárá. Transportation and Ticket Center ni wọ́n ń pe ibẹ̀, adágún omi ńlá kan ló sì wà láàárín òun àti ọgbà. Bó ṣe wà nìyẹn láti 1971 tí wọ́n ti ṣí i. Tí ẹ bá ti pa mọ́tò, ẹ máa rìn tàbí kí ẹ wọ ọkọ̀ gbọọrọ tó ń kó èèyàn kúrò ní páàkì. Wọ́n á yẹ àpò yín wò. Lẹ́yìn náà lẹ máa wọ mónórélì (ọkọ̀ ojú irin tó ń gba òkè kọjá) tàbí ọkọ̀ ojú omi sọdá. Nínú ọkọ̀ gbọọrọ yẹn, ẹ gbọ́dọ̀ ká kẹ̀kẹ́ ọmọ. Àmọ́ lórí mónórélì àti ọkọ̀ ojú omi, ẹ lè tì í wọlé tòun tọmọ. Èmi á ní kí ẹ rìn láti páàkì bí ó bá sún mọ́, torí ọmọ tó bá ti sùn nínú kẹ̀kẹ́ kò ní jí. Uber náà, ibẹ̀ ló máa já yín sí.

Pẹ̀lú àgbàlagbà àti ọmọ ọwọ́, ẹ fún gbogbo ìyẹn ní odindi wákàtí kan. Nítorí náà, bí ọgbà bá ń ṣí ní aago mẹ́sàn-án, kí mọ́tò yín ti dúró ní páàkì ní aago méje ààbọ̀. Ẹ ó ti wà nínú ọgbà, níbi okùn tí wọ́n fi ń dá èrò dúró, nígbà tí wọ́n bá ń tú u.

Àwọn tó bá sùn ní òtẹ́ẹ̀lì Disney fúnra rẹ̀ máa ń wọlé ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú gbogbo èèyàn. Ó dáa, àmọ́ lójú tèmi, bọ́ọ̀sì òtẹ́ẹ̀lì yẹn ló níye lórí jù, torí ẹnu ọ̀nà Magic Kingdom gan-an ló ń já èèyàn sí, kò sí pé à ń sọdá omi. Bí owó bá wà fún alẹ́ kan ṣoṣo, alẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ Magic Kingdom ni kí ẹ fi sùn níbẹ̀. Àwọn ọgbà Disney mẹ́ta yòókù ní Orlando kò ní wàhálà yìí, ẹ̀gbẹ́ ọgbà ni páàkì wọn wà.

Ilé la ti ń kẹ́ṣọ̀ọ́ ròde. Ẹ di irun ọmọ ní ọjọ́ méjì ṣáájú, kó má bàa máa dùn ún. Alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ wẹ̀ fún wọn, kí ẹ wọ aṣọ tí wọ́n máa wọ̀ lọ fún wọn sùn. Tiwa kékeré, láti orí bẹ́ẹ̀dì ni bàbá rẹ̀ ti ń gbé e sínú mọ́tò. Èmi á wọ ìbọ̀sẹ̀ fún un lójú oorun, bàtà rẹ̀ á wà nínú ọ̀rá tí mo so kọ́ ẹ̀yìn àga dírẹ́bà. Tí a bá dé páàkì ló tó ń la ojú. Àkàrà àti búrẹ́dì ni wọ́n ń jẹ nínú mọ́tò. Ẹ lè gbé oúnjẹ wọ ọgbà náà, kódà mọ́ínmọ́ín, tí kò bá ti sí nínú abọ́ onígíláàsì. Wọn kì í gba yìnyín tí a dà sínú kúlà lásán, nítorí náà ẹ fi omi inú ike sínú fúrísà kó dì mọ́jú.

Ẹ wọn gíga ọmọ ọdún márùn-ún yẹn nílé, tòun ti bàtà, torí àwọn ohun ìgùn kan wà níbẹ̀ tí wọn kì í jẹ́ kí ọmọ tí kò ga tó gùn. Seven Dwarfs Mine Train ń fẹ́ íǹṣì 38, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 97. Tiana's Bayou Adventure ń fẹ́ 40, Space Mountain ń fẹ́ 44. Mo ti rí ọmọ tó na ọrùn títí nídìí igi ìwọ̀n, tó gbé gìgísẹ̀ sókè, tí orí rẹ̀ kò sì kan igi náà. Ẹkún tó sun lọ́jọ́ náà, ó ká èmi tí mi ò mọ̀ ọ́n rí lára. Tiwa, pẹ́ńsù la fi sàmì sára ògiri nílé. Ó ti mọ èyí tí òun kò tíì tó, kò sì dárúkọ rẹ̀ rárá nígbà tí a débẹ̀.

Bí wọ́n bá tú okùn, gbogbo àgbà tí kò kó ọmọ dání ló máa forí lé Mine Train. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa lọ, ẹsẹ̀ ọmọ yín kò lè bá tiwọn díje. Peter Pan's Flight ni kí ẹ gbà lọ. Kò béèrè gíga, gbogbo yín lè gùn ún, àwọn ọkọ̀ rẹ̀ kò sì gba ju èèyàn díẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan. Ìdí nìyẹn tí ìlà rẹ̀ fi ń gùn látàárọ̀ dalẹ́. Ẹ di Màmá lọ́wọ́ mú níbi tí wọ́n ti ń wọlé o, torí ilẹ̀ ibẹ̀ ń rìn. Winnie the Pooh kò jìnnà síbẹ̀, òun ló kàn. Ẹ fi “it's a small world” sílẹ̀ di ìgbà tí oòrùn bá mú, ó ń kó èrò púpọ̀, inú rẹ̀ sì tutù.

Fún Mine Train, ẹ sọ fún òṣìṣẹ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀ pé Rider Switch lẹ fẹ́. Ọ̀fẹ́ ni. Àgbà kan á dúró ti ọmọ kékeré, èyí tó bá gùn ún tán á gba ọmọ, ẹnì kejì á wọlé láìtún tò láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi gbogbo ìdúró yẹn lé Màmá lọ́wọ́. Ẹni tó wọ bàlúù láti Nàìjíríà wá kò yẹ kó jókòó ti kẹ̀kẹ́ ọmọ látàárọ̀.

Aago méjìlá ọ̀sán, kí ẹ máa padà lọ síbi tí ẹ dé sí. Kódà bí wọ́n bá ń rẹ́rìn-ín, ẹ máa lọ. Nígbà ooru wọn, òjò àti ààrá sábà máa ń dé lọ́sàn-án, wọ́n á sì ti àwọn eré ìta pa bí mànàmáná bá wà nítòsí. Ẹ lọ sùn. Tíkẹ́ẹ̀tì kan náà lẹ máa fi padà wọlé nírọ̀lẹ́, owó páàkì tí ẹ san láàárọ̀ sì bo gbogbo ọjọ́ náà. Tó bá jẹ́ iná tí wọ́n máa ń yìn sójú ọ̀run lálẹ́ ni ẹ fẹ́ kí Màmá rí, ẹ fi í sí ọjọ́ mìíràn, ọjọ́ tí ẹ̀yin àtàwọn ọmọ máa sùn di aago mẹ́sàn-án.