Ẹ kì í ṣe àpà, àárẹ̀ ló mú yín

«Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀rọ̀ owó ilé ti sú mi. Láti ìgbà tí iléèwé ti wọlé, tí ewé sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ lára igi, a ò jókòó mọ́. Èmi àti ọkọ mi la jọ ń ṣiṣẹ́. Ọmọ mẹ́ta la bí: ọmọ ọdún 11, 8 àti 4. Àwọn méjì àgbà ń gbá bọ́ọ̀lù, wọ́n ń kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́, wọ́n tún ń kọ́ dùùrù. Ká tó délé, ilẹ̀ ti ṣú, oúnjẹ tí wọ́n ti sè tà la sì máa ń rà. Mo ra kóòtù òtútù fún èkejì ní Sátidé. Ní Mọ́ńdè ni mo rí kóòtù tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti wọ̀ kù, tó bá a mu rẹ́gí, nínú àpò kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ojú àwọn ọmọ ni ọkọ mi ti pè mí ní àpà. Mo fẹ́ ká gbé ayé ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, àmọ́ mi ò fẹ́ kí àwọn ọmọ mi rò pé àwọn ò rí bí ẹgbẹ́ àwọn, torí àwọn ọmọ àbúrò ọkọ mi ń ṣe gbogbo nǹkan yìí àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ni kí n kọ́kọ́ gé?» Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́ta ló kọ ọ́.

Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́ta, ẹ kú làálàá, ẹ sì kú ìtọ́jú ọmọ.

Ọ̀rọ̀ kóòtù yẹn ni mo tún kà. Àpà wo ló ń tọ́jú kóòtù èṣí de àbúrò? Ẹ tọ́jú ẹ dáadáa, ẹ kàn ò ráyè rántí ibi tí ẹ tọ́jú ẹ sí ni. Àárẹ̀ ló fà á. Àárẹ̀ yìí kan náà ló ń ra oúnjẹ lálẹ́, òun ló ń ra ìwé àti bírò tó ti wà nílé tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá ń bi mí ní ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ gé, mi ò ní mẹ́nu ba owó rárá. Ìrìn ni kí ẹ kọ́kọ́ gé.

Mo mọ̀ pé ìmọ̀ràn tí wọ́n sábà máa ń fún yín ni pé kí ẹ máa ṣa ọjà ẹ̀dínwó kiri, kí ẹ máa fi iye ṣọ́ọ̀bù kan wé ti èkejì. Ó dáa, ṣùgbọ́n a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ẹ mú bébà kan, kí ẹ kọ bọ́ọ̀lù sórí rẹ̀. Ẹ kọ owó ìforúkọsílẹ̀, bàtà, aṣọ ẹgbẹ́, epo ọkọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ohun tí ẹnikẹ́ni kì í kọ: oúnjẹ tí ẹ rà lójú ọ̀nà torí pé aago méje ti lù, ẹnìkan ò sì tíì gbé ìkòkò kaná. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìlúwẹ̀ẹ́, ẹ ṣe é fún dùùrù, kí ẹ sì sọ ọ́ di ti ọmọ méjì. Ẹ ó rí ibi tí owó ń gbà jáde.

Ó tún ní ohun tí àsìkò yìí máa ń fà. Ní apá àríwá ayé, ní nǹkan bí 22 tàbí 23 oṣù kẹsàn-án ni ọ̀sán àti òru máa ń gùn dọ́gba. Láti ibẹ̀ lọ, òru á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ lára ọ̀sán títí di oṣù kejìlá. Ètò tí ẹ ṣe nígbà tí oòrùn ṣì ń ràn títí di alẹ́, inú òkùnkùn àti òtútù lẹ ti ń tẹ̀ lé e báyìí. Kò yẹ kó yà yín lẹ́nu pé ohun tó rọrùn ní oṣù kẹjọ ti di ẹrù ní oṣù kọkànlá.

Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú ẹyọ kan ṣoṣo fún sáà ẹ̀kọ́ yìí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fẹnu ara wọn mú un, kí ẹ má sì ṣe bá wọn mú un. Tó bá jẹ́ èmi, ìlúwẹ̀ẹ́ ni mo máa gé kẹ́yìn bí wọn ò bá tíì mọ̀ ọ́n dáadáa, torí omi kì í bá ọmọ ṣeré. Dùùrù á dúró dè wọ́n.

Tí ẹ bá ti rí ìrọ̀lẹ́ bíi méjì gbà padà, ọ̀rọ̀ oúnjẹ ti fẹ́ yanjú ara rẹ̀. Mi ò ní ní kí ẹ ya odidi ọjọ́ ìsinmi sọ́tọ̀ láti se oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn tó ń gbani nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀ kò tọ́ ọmọ ọdún 4 rí, tàbí kí wọ́n ti gbàgbé. Ohun tí ẹ ti fẹ́ sè tẹ́lẹ̀ ni kí ẹ sọ di ìlọ́po méjì. Bí ẹ bá jẹ ìdajì tán, ẹ pín ìyókù sínú abọ́ pẹrẹsẹ kó lè tètè tutù, kó má sì pẹ́ ju wákàtí méjì níta kó tó wọ fíríìjì. Ó lè lo ọjọ́ 3 sí 4 níbẹ̀. Èyí tí ẹ ò ní tètè jẹ, fírísà ni kí ẹ gbé e sí, kí ẹ sì kọ orúkọ àti ọjọ́ sára abọ́ náà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ ó kàn máa wo yìnyín ni, ẹ ò ní mọ̀ bóyá ọbẹ̀ ni tàbí ẹ̀wà. Lálẹ́ ọjọ́ tí ara ò bá wá gbé e rárá, búrẹ́dì àti ẹyin náà oúnjẹ ni. Kò sí ọmọ tí ìyẹn pa rí.

Ó ku aṣọ. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ẹ wo inú àpótí kí ẹ tó lọ ra aṣọ. Ẹ da gbogbo aṣọ òtútù tó wà nílé sílẹ̀, àti ti abẹ́ bẹ́ẹ̀dì yẹn, kí àwọn ọmọ wọ̀ ọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan lójú yín. Èyí tó bá ṣẹ́kù tí ẹ ò ní nìkan ni kí ẹ kọ sílẹ̀. Aṣọ àlòkù tó mọ́ tónítóní ò ní àbùkù kankan, ọmọ á ṣáà dàgbà jù ú lọ kó tó gbó. Kóòtù lè tóbi díẹ̀, ẹ kàn máa ká apá rẹ̀ sókè ni. Bàtà ò gbọdọ̀ tóbi bẹ́ẹ̀: àyè tó fẹ̀ bí àtàǹpàkò níwájú ìka ẹsẹ̀ ti tó, ọ̀sán tàbí ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ sì wọ̀ ọ́n wò, torí ẹsẹ̀ máa ń wú díẹ̀ bí ọjọ́ bá ṣe ń lọ. Ní ti kóòtù tuntun yẹn, bí wọ́n bá lè gbà á lọ́wọ́ yín, ẹ dá a padà. Bí wọn ò bá gbà á, ẹ fi èyí tó tóbi jù nínú méjèèjì pamọ́ de ọdún tó ń bọ̀, kí ẹ sì kọ ibi tí ẹ fi í sí sára kàlẹ́ńdà.

Iná nìkan ni mi ò fẹ́ gbàgbé. Mímú omi gbóná ló ń jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú iná tí ẹ̀rọ ìfọṣọ ń lò, torí náà ẹ fi ìwọ̀n gbígbóná omi rẹ̀ sí 30°C fún aṣọ tí ò bá dọ̀tí jù. Ẹ ká aṣọ àtijọ́ dí abẹ́ ilẹ̀kùn tí atẹ́gùn ń gbà wọlé. Ṣùgbọ́n yàrá tí ẹ bá sá aṣọ tútù sí, ẹ ṣí fèrèsé rẹ̀ díẹ̀, kí ohun dúdú yẹn má baà máa hù lára ògiri.

Àwọn ọmọ àbúrò ọkọ yín ńkọ́? Ẹ ò mọ ohun tó wà nínú ìwé gbèsè ẹnikẹ́ni, ẹ sì fi wọ́n sílẹ̀. Àkọ́bí yín ti tó bá sọ̀rọ̀. Ọmọ ọdún 11 mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín «a ò lówó» àti «ohun mìíràn la fẹ́ fi owó wa ṣe». Bó bá jẹ́ pé èkejì lóòótọ́, òun ni kí ẹ sọ fún un, kí ẹ sì dárúkọ ohun mìíràn náà. Ti ọmọ ọdún 4 ò le: ẹ gbá ewé tó wọ́ jọ, ẹ jẹ́ kó máa fò sínú ẹ títí á fi rẹ̀ ẹ́.

Ọkọ yín ló kù. Ojú àwọn ọmọ ló ti bú yín, àmọ́ ẹ̀yìn wọn ni kí ẹ ti bá a sọ ọ́. Ẹ má jà. Ẹ fi bébà bọ́ọ̀lù yẹn hàn án, kí ẹ sì ní kó máa ra ọjà ilé, kó sì máa bójú tó oúnjẹ alẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, òun nìkan, láìjẹ́ pé ẹ ń rán an létí ohunkóhun. Bó bá ní òun ò ráyè, ẹ tún kọ̀wé sí mi, torí ìyẹn ti kúrò ní ọ̀rọ̀ owó.