Rọ́bà bẹ́ lálẹ́ Sátidé

“Àǹtí mi, ẹ gbà mí. Aránṣọ ni mí ní Àkúrẹ́. Ní nǹkan bí aago 11 alẹ́ Sátidé, lẹ́yìn òde kan ní Oǹdó, èmi àti ọkùnrin kan tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ sùn pọ̀. Rọ́bà bẹ́. Ó ní ara òun dá ṣáṣá. Láàárọ̀ òní, Mọ́ńdè, mo yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ní kẹ́míìsì, wọn ò rí HIV níbẹ̀. Mo ti lo ampiclox, mo sì ti mu àgbo. Ṣé mo ti bọ́?”

Àbúrò mi, wọ bàtà ná kí o tó ka ìyókù. O ò tíì bọ́, àmọ́ ọ̀nà ṣì wà. Oògùn kan wà tí wọ́n ń pè ní PEP, òun ni kì í jẹ́ kí kòkòrò HIV ráyè fìdí múlẹ̀ lára. Wákàtí 72 ni gbèdéke rẹ̀. Aago 11 alẹ́ ọ̀la ni tìrẹ máa pé. Má dúró dọ̀la o, bó bá ṣe tètè wọra tó ló ṣe dára tó.

Àyẹ̀wò àárọ̀ yẹn? Bí o ṣe wà kí o tó lọ sí Oǹdó ló sọ fún ẹ. Kò tíì gbọ́ nípa Sátidé. Ampiclox ò sì rí HIV gbé ṣe. Ní ti àgbo, èmi tí ìyá mi fi owó àgbo rán níléèwé ni mo ń sọ ọ́: kò sí ìkòkò tó ń lé e.

Lọ sí ilé ìwòsàn UNIMEDTH ní Àkúrẹ́, èyí tó jẹ́ State Specialist Hospital tẹ́lẹ̀. Sọ pé, “Rọ́bà bẹ́ lálẹ́ Sátidé, mo fẹ́ PEP.” Bí nọ́ọ̀sì bá wò ẹ́ tẹ̀gàn-tẹ̀gàn, jẹ́ kó wò. Ní kí wọ́n yẹ hepatitis B, ìyẹn àrùn ẹ̀dọ̀, wò pẹ̀lú, kí o sì béèrè oògùn tí kì í jẹ́ kí oyún dúró, torí rọ́bà tó bẹ́ fún kòkòrò bẹ́ fún oyún náà. Bí o bá ń lo oògùn tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ pọ̀ lára tàbí calcium, sọ fún wọn, wọ́n máa ń dí PEP lọ́wọ́.

Ọjọ́ 28 ni wàá fi lo PEP láìfo ọjọ́ kan. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀: èébì á fẹ́ gbé wọn díẹ̀, wọ́n á pa á tì. Bí ó bá ń dà ẹ́ láàmú, dókítà ni kí o padà lọ bá. Fi ṣọ́ọ̀kì tí o fi ń sàmì sáṣọ fa ìlà kan sára ògiri ṣọ́ọ̀bù lójoojúmọ́. Bí oníbàárà bá béèrè, sọ pé aṣọ ẹgbẹ́ lò ń kà.

Má sì sunkún bí ẹni tó ti kó o. Ká tiẹ̀ ní ọkùnrin náà ní i, tí kò sì lo oògùn, nínú irú ìbálòpọ̀ bẹ́ẹ̀ 10,000, bíi 8 ni obìnrin fi ń kó o. Egbò tàbí àtọ̀sí lè mú kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi ò ní fi 8 yẹn ta tẹ́tẹ́.

Ara tó dá ṣáṣá kì í ṣe ẹ̀rí, ọ̀pọ̀ ọdún ni HIV lè fi wà lára láìhàn. Ní kí òun náà lọ ṣe àyẹ̀wò. “Kògbóògùn” tí a sọ ọ́ ló jẹ́ kí ẹ̀rù máa bani jù. Ẹni tó bá ń lo oògùn rẹ̀ títí kòkòrò ò fi hàn nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́ kì í kó o ran ẹni tó bá bá sùn. Ẹni tí kò mọ̀ pé òun ní i ni kí o bẹ̀rù.

Bí oògùn bá parí, wàá tún yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, wàá sì padà yẹ̀ ẹ́ wò bí ó bá pé oṣù 3. Títí dìgbà yẹn, láìsí rọ́bà, kò sí ìbálòpọ̀.

Ó yá, ti ṣọ́ọ̀bù, pe ọ̀kadà.