Ẹ Bi Wá: Ṣé òògùn koríko ló ń fa jẹjẹrẹ?

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀kún o, ẹ̀yin ará wa. Ìsánlú ni mo ti ń kọ̀wé, oko kájú àti iṣu là ń ṣe. Ó pẹ́ tí bàbá mi ti ń fín òògùn koríko, pọ́ńpù tó ń gbé kọ́ ẹ̀yìn sì máa ń jò sí i lára, ó ní kò séwu. Wọ́n ní jẹjẹrẹ ló ń fà, àwọn àbúrò mi ní irọ́ ni. Èwo ni ká gbà?

ÌDÁHÙN: Ọ̀kún o, ẹ kú iṣẹ́ oko. Kì í ṣe irọ́ pátápátá, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ẹni tó fín in náà ló máa ní in. Glyphosate tó wà nínú ọ̀pọ̀ òògùn koríko ọjà wa yìí, IARC, ẹ̀ka WHO tó ń rí sí jẹjẹrẹ, sọ lọ́dún 2015 pé ó jọ pé ó lè fà á, àwọn aláṣẹ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ní àwọn ò rí i bẹ́ẹ̀, wọ́n ṣì ń fà á lọ fà á bọ̀. Èyí tí IARC ò ṣiyèméjì lé lórí ni lindane, ìyẹn Gamalin, òògùn kòkòrò táwọn bàbá wa ń fín sí kòkó láyé ọjọ́un, wọ́n ní ó ń fa lymphoma (jẹjẹrẹ tó ń mú àwọn èròjà ẹ̀jẹ̀ tó ń gbógun ti àrùn). Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ti ń tọpa àwọn àgbẹ̀ Iowa àti North Carolina látọdún 1993: lápapọ̀, jẹjẹrẹ wọn ò tó taráàlú (wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ mu sìgá), àmọ́ ti prostate (ẹ̀yà ara ọkùnrin tó wà nísàlẹ̀ àpò ìtọ̀) pọ̀ láàárín wọn.

Ohun tó kàn mí jù ni pọ́ńpù tó ń jò yẹn. Awọ ara ni òògùn máa ń gbà wọlé jù, kì í ṣe imú nìkan, aṣọ tó bá sì ti rin á lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn títí di ìrọ̀lẹ́! Ẹ bá wọn pààrọ̀ wáṣà ẹ̀ jàre, owó kékeré ni. Kí wọ́n wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà àti bàtà òjò, kí wọ́n má fẹnu fẹ́ ihò pọ́ńpù tó bá dí (mo mọ̀ pé wọ́n ń ṣe é), kí wọ́n wẹ̀ kí wọ́n tó gbé ọmọ-ọmọ, kẹ́ẹ̀gì òògùn ò sì gbọdọ̀ di ti epo pupa láé. Paraquat, òògùn koríko míì, ní tiẹ̀, NAFDAC ti fòfin dè é látọdún 2024, ẹni tó bá ṣì ń tà á fún yín ò fẹ́ràn yín.

Tí bàbá bá ti lé ní 50 ọdún, tí ìtọ̀ wá ń ṣe wọ́n ségesège, ẹ mú wọn lọ ọsibítù ní Ẹ̀gbẹ̀ tàbí Kàbà, kí ẹ sì sọ fún dókítà pé àgbẹ̀ tó ń fín òògùn ni wọ́n.