Ta Ló Ní Ẹ̀tọ́ sí Owó Ìsọ̀?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú wa, mo ń ta ọṣẹ, mílíìkì àti ìndómì nínú kọ̀ǹténà kékeré kan níwájú ilé onílé ní Mushin. Láti ìgbà tí ọdún ti yí, ọ̀wọ́ èèyàn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ti mú tíkẹ́ẹ̀tì wá bá mi, oníkálukú sì ń sọ pé ìjọba ló rán òun. Èwo ni kí n san? Bí mo bá sì san án, ṣé kò sẹ́ni tó lè lé mi kúrò níbẹ̀ mọ́?
Ìyá onísọ̀, Mushin

ÌDÁHÙN: Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ kú ìnáwó. Ìwé Òfin Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 1999, nínú Àfikún Kẹrin, fi àkóso ṣọ́ọ̀bù àti ìsọ̀ sábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ohun tó sábà máa ń da ọ̀rọ̀ náà rú ní Èkó ni pé, yàtọ̀ sí ìjọba ìbílẹ̀ 20 tí òfin yẹn mọ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ tún dá 37 mìíràn sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní LCDA. Lọ́dọ̀ yín, ìjọba ìbílẹ̀ Mushin wà, LCDA Odi-Olowo/Ojuwoye náà sì wà, ṣùgbọ́n ọ̀kan ṣoṣo ló yẹ kó gba owó ìsọ̀ lọ́wọ́ yín. Ẹ lọ béèrè ní ọ́fíìsì wọn èyí tó ni òpópónà yín, kí ẹ gba ìwé tí wọ́n kọ iye owó náà sí, kí ẹ sì san án sí báńkì. Ẹni tó bá ní àfi kówó kan òun lọ́wọ́, ẹ má dá a lóhùn. Owó ẹgbẹ́ ọlọ́jà kì í ṣe owó ìjọba, àdéhùn àárín yín ni. Síbẹ̀, mi ò ní gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ má san án, nítorí ẹgbẹ́ náà ni yóò bá yín sọ̀rọ̀ bí àwọn ọmọ àdúgbò bá ń fi agbára gba owó lọ́wọ́ yín.

Ìbéèrè yín kejì ló wúwo jù. Rìsíìtì owó ìsọ̀ kò sọ ilẹ̀ di tẹni tó san án. Bí kọ̀ǹténà yín bá wà lórí gọ́tà tàbí ó yọ sí títì, àwọn LAGESC, ìyẹn òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó àyíká ìjọba Èkó tí gbogbo wa ṣì ń pè ní KAI, lè gbé e, kódà kí rìsíìtì yín pé. Onílé tó ń gba owó ilẹ̀ lọ́wọ́ yín náà kò lè fi ibi tó wà níta fẹ́ǹsì rẹ̀ háyà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ wọn ń ṣe bẹ́ẹ̀ láìtijú. Ẹ ní kó kọ ìwé àdéhùn fún yín, kó sọ ibi tí ilẹ̀ rẹ̀ parí sí, kí ẹ sì ṣe èyí kí ẹ tó kó ọjà ọdún wọlé.